Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ń Jẹ́ ‘Get’ àti Iṣẹ́ Tí Ó Ń Ṣe Láàárín Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Èjìgbò

 

Ohun tí mo gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó ní, ọmọ tí ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ lánàá ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. ‘Get’ ni ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa wí nínú ara wọn pé, kí ni àgbà ìlú fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí a ń tẹ̀ka sí, ó wà nínú lẹ́tà tí a ń kọ sí àwọn ọmọ wa bí wọ́n bá wá iṣẹ́ lọ, ó wà lẹ́nu ọlọ́pàá àti lábẹ́ gègé akọ̀wé kóòtù. Ẹni tí kò bá sì mọ ìwà rẹ̀ lè ti ipa rẹ̀ pàdánù ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ìdí mìíràn tí mo fi mú un ni ẹ̀sùn kan tí ó ti ń rìn kiri láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn tí ó kàwé díẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa tún sọ. Wọ́n ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Wọ́n ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n wá, kí a fi ‘get’ sí apá kan, kí a sì wo ibi tí yóò tẹ̀ sí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ilé rẹ̀. ‘Get’ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ onílẹ̀ ní England. Àwọn ará Denmark àti Norway tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbógun ti ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì jókòó síbẹ̀ di onílé, ni wọ́n gbé e wá. Nǹkan bí ọdún 1200 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbátan rẹ̀ kan nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sábà dá rìn, ara ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó máa ń lẹ̀ mọ́. Ipa rẹ̀ ni ó ṣẹ́kù nínú ‘forget’ tí a ń pè ní gbàgbé. Àwọn tí ó fẹ́ràn àtitú ọ̀rọ̀ palẹ̀ nínú yín yóò ti rí i pé gbà ni gbàgbé tiwa náà fi bẹ̀rẹ̀. Èmi kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì o. Mo kàn rí wọn tí wọ́n jọ ara wọn, bí àlejò méjì tí ó pàdé lọ́nà tí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà.

Àlejò tí a fún ní igun yàrá kan ni ‘get’, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó gba gbogbo ilé. Ó di pé àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ní ìlú wọn níbẹ̀, a máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe lò ó jù nínú àròkọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni, ẹni tí kò fẹ́ ronú ni í kó o sí ibi gbogbo. Ìkìlọ̀ náà kò ràn án. Bí ẹ bá tẹ́tí sí Òyìnbó méjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé, ẹ ó gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìyá kan láti ilé rẹ̀ lọ sí ọjà ní Èjìgbò níhìn-ín, kí a sì mú Òyìnbó kan lọ́wọ́ kí ó máa ròyìn ìrìn ìyá náà ní èdè tirẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìyá dìde: Òyìnbó ní ‘she got up’. Ó múra: ‘she got dressed’. Ó wọ mọ́tò: ‘she got in’. Ó sọ̀ kalẹ̀: ‘she got down’. Ó dé ọjà: ‘she got to the market’. Ó rí oníbàárà, ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi owó náà ra ata fún ọbẹ̀ alẹ́: bí a bá pe ‘get’ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ parí. Ẹnìkan wá sọ ìsọkúsọ sí i, ó bínú: ‘she got angry’. Òjò pa á: ‘she got wet’. Ilẹ̀ ṣú: ‘it got dark’. Ó délé: ‘she got home’. Ó bọ́ sórí ẹní, oorun gbé e lọ, Òyìnbó sì ní ‘she got some sleep’.

Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ná sí ìrìn yìí: dìde, múra, wọ̀, sọ̀ kalẹ̀, dé, rí, gbà, rà, bínú, pa, ṣú, gbé lọ. Méjìlá géérégé. Òyìnbó ná ọ̀kan. Ta wá ni akúùṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì? N kò fẹ́ kí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀sín, nítorí pé ó ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè lò bí ó bá wù ú: ó lè ní ‘rise’, ó lè ní ‘arrive’, ó lè ní ‘receive’ tàbí ‘buy’. Ṣùgbọ́n kì í sábà lò wọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé, nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, ‘get’ gba Òyìnbó láàyè láti má ṣe sọ bí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Yorùbá kò fún wa ní irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ aṣọ tuntun dé, a sì bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni ó ti ‘get’ rẹ̀. Ìbéèrè náà dùn létí, kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀. Níbo ni o ti rà á? Ta ni ó fún ọ? Níbo ni o ti rí i? Lọ́wọ́ ta ni o ti gbà á? Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni ẹ níláti mú, èyí tí ẹ bá sì mú ni yóò sọ èrò yín nípa ọmọ náà. Bí ẹ bá ní ‘ta ni ó fún ọ?’, ẹ ti sọ pé apá rẹ̀ kò ká a. Bí ẹ bá ní ‘níbo ni o ti rí i?’, ojú olè ni ẹ fi ń wò ó díẹ̀, bí ẹnu yín kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wádìí lè dúró sí àárín. Ògbufọ̀ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè dúró síbẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nígbà tí ara Òyìnbó kò bá yá, yóò ní òun ‘got’ ibà, òun ‘got’ òtútù, àfi bí ẹni pé ó gbé agbọ̀n lọ sí ọjà láti lọ kó wọn wá. Àwa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ibà ni ó mú wa. Òtútù ni ó mú wa. Ó rẹ̀ wá. Ebi ń pa wá. Oorun ń kùn wá. Ohun tí ó ṣe ènìyàn ni ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀, ènìyàn sì wà lẹ́yìn tí ó ń fara gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú òye. Ọmọ ìsinsìnyí a máa sọ pé ‘I get you’, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ mú ẹyẹ. Àgbà Yorùbá a ní ọ̀rọ̀ náà yé òun. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ ìyéni, kì í ṣe èmi ni mo dọdẹ rẹ̀. Èwo ni ó tọ̀nà jù? Èmi kò mọ ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bí Yorùbá, yóò sì máa sọ Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì. A sì ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ báyìí lẹ́nu àwọn tí ń sọ pé àwọn ‘ní ibà’.

Ibi tí ‘get’ bá ti dúró níwájú ọ̀rọ̀ ìrísí, kò le púpọ̀ fún wa, nítorí pé di ni a fi ń dá a lóhùn: ó di arúgbó, ó di olówó, ó di wèrè. Síbẹ̀ náà, a ní ọ̀nà tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó rù, ó sanra, ó tutù, ó gbó. Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Ó tọ́ kí a ṣe òdodo sí ọ̀tá wa nínú àríyànjiyàn yìí. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí ń ru ẹrù púpọ̀, ìlú Èjìgbò gan-an sì ni ibi tí ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Mo ń sọ nípa jẹ. A ń jẹ iyán, a ń jẹ oyè, a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ èrè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ ayé. Kí Òyìnbó tí ń kọ́ èdè wa wá wí fún mi bí a ṣe ń fi eyín jẹ oyè! Nínú ọ̀pọ̀ ibi wọ̀nyí, bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ‘get’ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu: ẹni tí ó jẹ oyè ‘got’ oyè, ẹni tí ó jẹ ogún ‘got’ ogún. Ṣùgbọ́n jẹ ní ohun kan tí ‘get’ kò ní. Ohun tí a bá jẹ ti wọ inú wa, ó ti di ara wa, a kò lè dá a padà bí ẹrù ọjà. Ẹni tí ó jẹ oyè kì í tún ṣe ẹni àná. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, gbèsè náà ń bá a sùn.

Àwọn àgbà a máa so orúkọ Ògìyán, òrìṣà ìlú yìí tí ọba wa ń fi ṣe orúkọ oyè, pọ̀ mọ́ iyán tí òrìṣà náà fẹ́ràn. Orúkọ náà ti rìn jìnnà: àwọn ọmọ tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e dé Bahia, wọ́n sì ń bọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní ní Oxaguiã, iyán kò sì kúrò nínú ìtàn rẹ̀. Pierre Verger, ará Faransé tí ó fi Bahia ṣe ilé, kọ̀wé nípa ọdún Ògìyán tiwa níhìn-ín, nípa bí àwọn ọmọ Òkè Màpó àti àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Òṣòlò ti ń fi àtòrì na ara wọn. Ẹ wá wo bí Òyìnbó yóò ti ròyìn ọmọ tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú àpá lẹ́yìn. Yóò ní ‘he got beaten’. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ‘get’ níbẹ̀ ní òórùn àjálù: ohun búburú bá a. A kò lè mọ̀ láti inú gbólóhùn náà pé ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ni ó gbé àtòrì jáde, pé òun náà na ẹlòmíràn, pé ọdún ni, kì í ṣe ìjà, àti pé àpá náà jẹ́ ohun tí yóò máa fi yangàn. Àwa yóò ní ó jẹ àtòrì, a ó sì tún sọ ibi tí ó ti jẹ ẹ́.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa bá ‘get’ jìjàkadì púpọ̀, Àjàyí Crowther sì ni aṣíwájú wọn, ẹni tí ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti ọdún 1843. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Éfà ti bí Káínì, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ yìí sí i lẹ́nu, pé òun ti ‘gotten’ ọkùnrin kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn atúmọ̀ wa kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó tó, wọ́n sì so méjì pọ̀, rí àti gbà; ó rí i, ó sì gbà á, rírí fún ìyanu rẹ̀, gbígbà fún ẹni tí ó fi í fún un. Èmi rò pé ti Yorùbá dùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ níbẹ̀. Níbi tí Jésù ti lé Sátánì sẹ́yìn, ‘get’ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì lò. Ọ̀rọ̀ kíkúrò ni tiwa. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe adàwékọ. Onídàájọ́ ni wọ́n, ní gbogbo ẹsẹ ni wọ́n sì ń dá ẹjọ́ lórí ohun tí ‘get’ fi pamọ́.

Mo wá dé orí ohun tí ó kan àwa ará Èjìgbò ju ìlú mìíràn lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, agbo ilé tí kò ní ọmọ ní Côte d'Ivoire ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Láti ìgbà tí Òyìnbó ń ṣèjọba ni àwọn bàbá wa ti ń ṣòwò lọ sí Abidjan, tí wọ́n jókòó sí Treichville àti Adjamé, tí àwọn onílé sì ń pè wọ́n ní Anago. Mọ́tò ń ti ìlú yìí lọ síbẹ̀ tààrà. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ń wá, àwọn mìíràn sì padà wá pátápátá nígbà tí ogun dé bá wọn níbẹ̀ ní 2002 àti ní 2011. Nítorí náà ni ẹ fi ń gbọ́ Faransé ní ọjà wa, tí owó sẹ́fà sì fi ń kọjá lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì rí òkun rí.

Ọmọ tí ó ti Abidjan dé yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ sì kọ ‘get’ sí ojú pátákó. Kí ni ọmọ náà yóò fi mú un? Faransé ìwé kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá a dọ́gba: ‘recevoir’ wà fún gbà, ‘devenir’ fún di, ‘arriver’ fún dé, ‘comprendre’ fún yé, ‘avoir’ fún ní. Ẹ rí i pé Faransé àti Yorùbá jọ ń rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kọ́ Faransé nínú ìwé nìkan. Ó kọ́ ọ ní òpópónà, òpópónà Abidjan sì ní ‘gagner’. Ní Paris, ẹni tí ó ‘gagner’ ti jèrè tàbí ó ti borí. Ní Abidjan, ẹni tí ó ‘gagner’ lè ti rí nǹkan lásán, tàbí kí ó kàn ní i: ìyá ọlọ́mọ tuntun ti ‘gagner’ ọmọ, ẹni tí ó ríṣẹ́ ti ‘gagner’ iṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí ń bẹ ní Èkó àti ní Warri ti ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ fún ‘get’: ‘I get pikin’, mo ní ọmọ, ‘I no get money’, n kò ní owó lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́jà ìhà ìhín àti àwọn ọlọ́jà ìhà ọ̀hún, láìjẹ́ pé wọ́n forí korí, wọ́n mú ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì fún wọn ní iṣẹ́ tí ọmọ adúláwọ̀ nílò.

Àwọn kan yóò ní èyí jẹ́ ìbàjẹ́ èdè. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ni. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ náà dúró láàárín ‘get’ ti olùkọ́, ‘get’ ti òpópónà, àti ‘gagner’ tí ó mú ti Abidjan bọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ara wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ìdánwò yóò kọ ‘I get’ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ‘I have’, a ó sì fi igi pa á, a kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè yọ ọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, ìbáà ṣe ní Treichville ni a ti tọ́ ọ. Kí olùkọ́ bi í pé: ní ibí yìí, ṣé ó rí i ni, àbí ó gbà á, àbí ó ní i, àbí ó di í, àbí ó dé ibẹ̀? Bí ó bá ti lè dáhùn, ‘get’ ti tú palẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé èrò orí mi nìkan ni mo ń sọ. Ní ọdún 1970, ní Modákẹ́kẹ́, tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa lónìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ rí, gbà, di àti dé, ó ti mọ iye yàrá tí ó wà nínú ilé ‘get’ kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Fafunwa di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì di olóògbé ní 2010. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, inú wa sì dùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnìkan wí fún mi bí olùkọ́ yóò ti fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣàlàyé ‘get’ fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò ní ‘get’ túmọ̀ sí ‘obtain’. Ọmọ náà kò mọ ‘obtain’. Àti pé ‘it got dark’ kò lè jẹ́ ‘it obtained dark’ láéláé.

Ẹ̀yin ìjòyè, mo fi ohun tí ó kàn yín jù sí ìkẹyìn. ‘Get’ ní ìlò kan tí mo bẹ̀rù ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Òun ni ìgbà tí ẹnìkan bá ‘get’ ẹlòmíràn láti ṣe nǹkan. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: ‘He got the old man to sign the paper.’ Kí ni ó ṣe fún bàbá náà? Bóyá ó bẹ̀ ẹ́. Bóyá ó rọ̀ ọ́, tí ó ṣàlàyé títí ó fi gbà. Bóyá ó fún un ní owó. Bóyá ó tàn án jẹ. Bóyá ó fi ipá dì í lọ́wọ́ mú, tí ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ tàdáwà. Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo rẹ̀, kò sì sọ èyíkéyìí. Ní Yorùbá, ẹ kò lè sọ gbólóhùn náà láìmú ọ̀kan. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ̀ka. Ó tàn án kí ó tẹ̀ka. Ó fi agbára mú un tẹ̀ka. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá fún un, tí ó ní ‘ó mú kí ó tẹ̀ka’, àgbà tí ó jókòó yóò bi í lẹ́ẹ̀kan náà pé, ó mú kí ó tẹ̀ka báwo?

Ẹ wá rò ó ní kóòtù. Ẹlẹ́rìí wa dìde, ó fi Yorùbá sọ pé wọ́n tan bàbá òun jẹ tí ó fi tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Ògbufọ̀ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá jẹ́ ọ̀lẹ, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹnìkan ti rí i lẹ́yìn ilé, ohun tí yóò wọ inú ìwé ni ‘they got his father to sign’. Kò purọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ti jáde kúrò nínú ẹ̀rí náà, nígbà tí ìwé bá sì dé iwájú adájọ́ àgbà tí kò rí ojú ẹlẹ́rìí, tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ohun tí yóò kà ni pé bàbá kan fọwọ́ sí ìwé.

Òfin kan wà tí ìjọba ṣe ní ọdún 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé, tí a sì ti gbé wọ inú ìwé òfin àwọn ìpínlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sí ìwé náà, àti pé nípa kíkọ orúkọ yẹn ó ti jẹ́rìí pé ohun tí a rán òun ni òun kọ, àti pé a ka ìwé náà sétí ẹni tí ó ni ín, a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kí ó tó tẹ̀ka. Òfin rere ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé kíkà àti àlàyé rẹ̀ kò ju bí ẹni tí ń ṣàlàyé ti rí lọ. Bí ‘get’ bá wà nínú ìwé, tí akọ̀wé sì fi ‘gbà’ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, ó ti ṣàlàyé, ó ti mú òfin ṣẹ, bàbá kò sì mọ ohun tí ó tẹ̀ka sí.

Nítorí náà, àbá tí mo mú wá síwájú Ẹgbẹ́ kò tóbi. Mo bẹ̀ yín kí a yan ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó ti gbé Abidjan. Kí wọ́n kó àwọn gbólóhùn tí ‘get’ ti ń jẹyọ nínú ìwé ilẹ̀, ìwé yíyá owó àti lẹ́tà iṣẹ́ jọ, kí wọ́n sì kọ Yorùbá tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ojú ìwé méjì péré, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ààfin, ní kóòtù ìbílẹ̀ àti ní ọwọ́ àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́. Títí wọn yóò fi parí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí a bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀ lè fi ìka lé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà, kí ó bi ẹni tí ń kà á fún un pé: ta ni ó ṣe é, kí ni ó ṣe, ṣé ó bẹ̀ ni, àbí ó rà, àbí ó gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, lọ́wọ́ ta sì ni? Bí akọ̀wé bá ń kánjú, kí ó dúró.